Ìbọn Ogun Tí Ó Di Ìbọn Ìdíje

Ní oṣù kẹrin ọdún 1896, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan láti ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, Sumner Paine àti John Paine, gúnlẹ̀ sí ìlú Áténì ní ilẹ̀ Gíríìkì fún Eré Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ ti ayé òde òní. Ìdíje ìbọn yíyìn ni wọ́n bá lọ. John ni ó gbéra láti Boston. Ó gba Párísì kọjá, níbi tí Sumner ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà, ó sì rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà láti bá a lọ. Wọn kò mọ irú ìdíje tí wọn yóò bá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò mọ irú ìbọn tí àwọn adájọ́ yóò gbà lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà wọ́n kó oríṣiríṣi dání: ìbọn ìléwọ́ Colt ti àwọn ológun méjì, ìbọn ìléwọ́ Smith & Wesson irú èyí tí a ń pè ní ti Rọ́ṣíà méjì, àti àwọn mìíràn tí ihò ẹnu wọn kéré. Ọta tí wọ́n kó lọ tó 3,500. Nígbà tí gbogbo ìdíje wọn parí, 96 péré ni wọ́n yìn.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà, nínú ìdíje ìbọn ìléwọ́ ológun láti 25 mítà, John gba máàkì 442, Sumner gba 380. Ẹni tí ó ṣe ipò kẹta, ọmọ Gíríìkì kan, gba 205. Àwọn méjèèjì ti bá ara wọn ṣe àdéhùn pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ borí yóò yẹra fún èkejì. Ní ọjọ́ kejì, John jókòó, Sumner nìkan ni ó wọlé sí ìdíje ti 30 mítà; òun náà gba 442, ẹni tí ó sì tẹ̀lé e gba 285. Nínú ìdíje mìíràn, a kò jẹ́ kí wọ́n wọlé rárá, nítorí pé fífẹ̀ ihò ẹnu ìbọn wọn kò bá òfin mu. A kò lè sọ pé ojú àti ọwọ́ nìkan ni ó fa àlàfo tí ó wà láàárín 442 àti 205. Èrò tèmi ni pé àwọn ará Boston yìí ti mọ ìbọn wọn àti ọta rẹ̀ bí ẹní mọ ilé baba rẹ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ìbéèrè tí ẹrù ọta yẹn gbé dìde ni mo fẹ́ tọ̀ lẹ́yìn nínú àròkọ yìí: kí ni ẹni tí ó fẹ́ yìnbọn sí àmì ń wá lára ìbọn àti lára ọta rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé agbára ni. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni ìtàn sọ. Bí ìdíje ṣe ń le sí i láti ìran dé ìran, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n yìn jù ń yan ìbọn tí ariwo rẹ̀ kéré sí ti àtẹ̀yìnwá, tí ọta rẹ̀ sì ń rọra rìn. Ohun èlò tí a rọ fún pípa ènìyàn ni, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ oró kúrò lára rẹ̀.

Rìfọ́fà ni orúkọ ìbọn tí à ń wí. Ìbọn ìléwọ́ ni. Ó ní àgbá kékeré kan láàárín ìdí àti ọpá rẹ̀, ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ó sì máa ń wà lára àgbá náà, ọta kan nínú ihò kan. Bí a bá ti fa òòlù ìbọn sẹ́yìn, àgbá a yí, ihò mìíràn a sì bọ́ síwájú ọpá. Kí ohun tí ó ṣe tuntun nínú rẹ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a rántí ṣakabùlà, ìbọn àwọn ọdẹ wa. Ẹnu ni a ti ń ki ṣakabùlà. Ọdẹ a da ẹ̀tù sí àtẹ́lẹwọ́, a fi ojú wọ̀n ọ́n, a dà á sẹ́nu ìbọn, a fi àkísà àti ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, kí ó tó da irin wẹ́wẹ́ tẹ̀lé e. Ìwọ̀n tòní lè má jẹ́ ìwọ̀n tọ̀la, inú ọpá ìbọn náà sì ń dán bọ̀rọ́, kò sí ohun tí yóò dá ọ̀nà fún ọta. Èyí kò dí ọdẹ lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí pé àtisúnmọ́ ẹran jẹ́ apá kan nínú iṣẹ́ rẹ̀, irin wẹ́wẹ́ sì máa ń fọ́n ká. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé bébà kan kọ́ sí ọ̀ọ́kán, tí a ní kí ọta mẹ́wàá gba ojú kan náà wọlé, ọwọ́ ṣakabùlà kò ní í tó o.

Àwọn baba wa pàápàá fojú rí ìyàtọ̀ yìí, lójú ogun ni, kì í ṣe lójú eré. Nígbà ogun Kírìjì, tí a tọwọ́ bọ àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886 ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ ogun kò tú ká títí di 1893, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà rí ìbọn Snider gbà láti Èkó nípasẹ̀ àwọn ọmọ wọn tí ó ń gbé níbẹ̀. Ìdí ni a ti ń ki èyí ní tirẹ̀, ẹ̀tù àti ọta sì jọ wà nínú èèpo kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ka ìtàn ogun náà yóò mọ bí èyí ti ká àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn lára tó.

Ní ọdún 1836 ni Samuel Colt gba ẹ̀tọ́ òfin lórí rìfọ́fà tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Yíyí ni ó fi yàtọ̀. Ní ti kíkì, ẹ̀tù lásán àti ọta òjé róbótó ni a ń tì sínú ihò kọ̀ọ̀kan láti iwájú, a ó sì fi fìlà bàbà kékeré tí ń ta iná ran ẹ̀tù bo ìdí ihò. Horace Smith àti Daniel Wesson ni ó fi èèpo kún un. Ní 1857 wọ́n gbé rìfọ́fà kékeré kan jáde tí ihò àgbá rẹ̀ là á já láti ìdí dé iwájú, tí a sì lè ki kátírìjì bọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn. Rollin White ni ó ni ẹ̀tọ́ òfin lórí ihò alájàá yẹn. Títí tí ẹ̀tọ́ náà fi tán ní 1869, Colt kò lè ṣe irú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ni ìgbà tí ìjọba Rọ́ṣíà wọ ọjà. Ní 1870, Smith & Wesson gbé rìfọ́fà ńlá kan jáde fún àwọn ológun, èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ 44, ìyẹn ìdá mẹ́rìnlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún íǹṣì. Ọta ìbọn yìí ṣe ọgbọọgba pẹ̀lú èèpo rẹ̀ ní fífẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìkan ni a gbẹ́ tín-ín-rín kí ó lè wọ inú èèpo. Nítorí náà ìta ni ọ̀rá tí ń mú ọta yọ̀ nínú ọpá ìbọn wà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi ọ̀rá sí ara ohunkóhun rí nínú àpò mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: erùpẹ̀ a lẹ̀ mọ́ ọn, ooru a yọ́ ọ, aṣọ a nù ún kúrò. Ọ̀gágun Gorloff, tí ó ń ra ohun ìjà fún Rọ́ṣíà ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní àwọn kò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí a dín ọta kù kí ó lè wọ inú èèpo tọ̀rátọ̀rá. Láti 1871 ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ìbọn tí wọ́n sì rà ní gbogbo rẹ̀ lé ní 100,000.

Lójú ogun ni àwọn ará Rọ́ṣíà ń wò, wọn kò ro ti eré. Síbẹ̀ àwọn tí ń yìnbọn sí àmì ni ó jàǹfààní jù. Ọta tí ìdí rẹ̀ kò tín-ín-rín, tí a sì fi ọ̀rá pamọ́ sínú èèpo, ń bọ́ sínú ọpá lọ́nà kan náà nígbà gbogbo. Ìlà wínníwínní tí a fín sínú ọpá a gbá a mú, a sì mú un pòòyì déédéé lọ sí ojú àmì. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ìbọn Rọ́ṣíà ni ó gbajúmọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ayìnbọn sí àmì ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù. Òun náà ni àwọn ọmọ Paine kó lọ sí Áténì. Ohun kan tún wà tí ìyípadà yìí fà tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọta ti dínkù wọ inú èèpo, ṣùgbọ́n orúkọ kò bá a dínkù. Rìfọ́fà tí a ń pè ní 38 títí di òní, ọta rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìdá 357 nínú 1,000 íǹṣì lọ. Èèpo ni ó fẹ̀ tó 38. Ẹni tí ó bá fi orúkọ lásán ra ọta yóò rí i pé orúkọ kì í ṣe ìwọ̀n.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ àwọn ayìnbọn kó kúrò ní Wimbledon lọ sí Bisley ní 1890, ibẹ̀ sì di orírun ìdíje rìfọ́fà níhà ọ̀hún. Òkìkí Bisley kàn tó bẹ́ẹ̀ tí Colt fi sọ rìfọ́fà kan ní orúkọ rẹ̀ ní 1894; wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ kí ó lè kún ọwọ́, wọ́n sì rẹ òòlù rẹ̀ sílẹ̀ kí àtàǹpàkò lè tètè bà á. Ọ̀kan nínú àwọn gbajúmọ̀ ibẹ̀ ni Walter Winans, ọmọ Amẹ́ríkà tí a bí ní Rọ́ṣíà ní 1852, tí ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Olówó ni, ẹlẹ́ṣin ni, agbẹ́gilére ní ìṣesí ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé idẹ ni ó fi ń ya ère tirẹ̀. Ó gba wúrà Òlíńpíìkì ní 1908 fún ìbọn yíyìn, ó sì tún gba wúrà ní Stockholm ní 1912, èyí nítorí ère ẹṣin kan. Ìwé tí ó kọ lórí yíyìn rìfọ́fà jáde ní 1901. Ojú tí ń wo ẹṣin títí tí yóò fi rí i bí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń fà kò jìnnà sí ojú tí ń wo àmì.

Nígbà náà ni Smith & Wesson tún gbé rìfọ́fà 38 kan jáde, ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pẹ̀lú kátírìjì tí a ń pè ní 38 Special. Àwọn ológun àti àwọn ọlọ́pàá ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n àwọn olùdíje Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń péjọ sí Camp Perry ní ìpínlẹ̀ Ohio láti 1907, gbà á lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá, wọ́n sì tún ọta rẹ̀ mọ. Ọta ti ọlọ́pàá yípo lórí bí ẹyin. Bí irú ọta bẹ́ẹ̀ bá gba inú bébà kọjá, yíya ni ó ń ya á. Etí ihò náà a rí ṣákaṣàka, àwọn adájọ́ a sì máa jiyàn bóyá ó kan ìlà tàbí kò kàn án. Nínú ìdíje, ìlà tí ọta bá fara kàn ni a ń kà fún ènìyàn, nítorí náà irun orí lásán lè gba ife lọ́wọ́ ẹni. Wọ́n wá mọ ọta tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó rí gbándú bí ṣọ́ọ̀kì tí a dá sí méjì. Wọ́n tì í wọ inú èèpo títí tí orí rẹ̀ fi bá ẹnu èèpo dọ́gba. Irú rẹ̀ kì í ya bébà, ń ṣe ni ó ń gé e róbótó bí ẹ̀rọ tí akọ̀wé fi ń lu ihò sí ìwé. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju gíráàmù mẹ́wàá lọ, ẹ̀tù tí ó ń tì í kò sì tó nǹkan. Kò yá bí ọta ogun, kò sì lè rìn jìnnà kí ó má daríkodò, nítorí pé orí pẹrẹsẹ kò la afẹ́fẹ́ dáadáa. Àmọ́ láàárín 25 mítà tàbí 50, a ṣòro láti rí ọta rìfọ́fà tí ó ń ṣe déédéé jù ú lọ. Kò wúlò lójú ogun. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìbọn ìdíje ti gba òmìnira lọ́wọ́ ìbọn ogun.

Ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ kì í ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọta 22 ni ó ń fi bẹ̀rẹ̀. Irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ọta 22 ti wà láti 1887. Gíráàmù méjì ààbọ̀ àti díẹ̀ ni ìwọ̀n ọta rẹ̀, nígbà tí ti Rọ́ṣíà àtijọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rìndínlógún. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kì í ta ọwọ́ padà, ènìyàn sì lè fi ọgọ́rùn-ún kan kọ́ṣẹ́ láàárọ̀ kan kí ọwọ́ rẹ̀ má gbọ̀n. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Smith & Wesson fi gbé rìfọ́fà 22 tí a pè ní K-22 jáde ní 1931, tí ó tóbi tí ó sì wúwo bí ti 38, kí ọwọ́ tí ó mọ ọ̀kan lè mọ èkejì. Ní Yúróòpù, ọta 32 tí orí rẹ̀ tẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn, nítorí pé òfin ìdíje àgbáyé gba ohunkóhun láti 7.62 mìlímítà títí dé 9.65, àwọn olùdíje sì mọ̀ pé kò sí ẹ̀bùn fún ẹni tí ọta rẹ̀ wúwo jù.

Báwo wá ni ọlọ́gbọ́n ṣe ń yan tirẹ̀? Ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ìdí ìbọn gbọ́dọ̀ jókòó sínú àtẹ́lẹwọ́ tí ó fi jẹ́ pé, bí a bá di ojú tí a na ìbọn, tí a tún la ojú, ohun ìfojúsùn tí ó wà lẹ́yìn àti èyí tí ó wà níwájú yóò ti tò sórí ìlà kan. Apátí ni ó tẹ̀lé e. Òfin àgbáyé ní ìbọn 32 tàbí 38 kò gbọdọ̀ ní apátí tí ó fúyẹ́ débi pé ohun tí kò tó gíráàmù 1,000 lè fà á. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n nìkan kọ́, ó gbọ́dọ̀ já lẹ́ẹ̀kan bí ẹ̀ka gbígbẹ, kí ó má fà gùdùgùdù. Lẹ́yìn èyí ni ti àgbá. Rìfọ́fà oníhò mẹ́fà dà bí ìbọn mẹ́fà tí ó ń pín ọpá kan lò. Gbogbo ihò náà ni ó gbọ́dọ̀ bá ọpá tò gẹ́lẹ́. Olùdíje tí ó bá rí i pé ihò kan ń ṣìnà a fi àmì sí i lára, a sì máa fò ó nígbà tí máàkì bá wà nílẹ̀. Ní ti ọta, kò sí ọgbọ́n tí ó ju ìdánwò lọ. A ó de ìbọn mọ́ orí ìjókòó onírin, kí ọwọ́ ènìyàn má bàa dá sí i, a ó sì yin mẹ́wàá mẹ́wàá láti inú páálí oríṣiríṣi. Ìbọn méjì tí a rọ ní ilé iṣẹ́ kan lọ́jọ́ kan náà lè má fẹ́ràn ọta kan náà. Bí a bá rí páálí tí ihò rẹ̀ ṣù jọ sójú kan, ọlọ́gbọ́n yóò wo nọ́ńbà ara rẹ̀, yóò sì ra púpọ̀ nínú irú èyí tí a ṣe pọ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ náà. Ìwọ̀n tí ọdẹ fi ojú wọ̀n ní àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi òṣùwọ̀n wá débẹ̀.

Rìfọ́fà kò jẹ gàba títí lọ. Nínú apá ìdíje tí a ti ń yára yìn, ẹni tí ó ń fa òòlù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò lè bá ẹni tí ìbọn rẹ̀ ń ki ara rẹ̀ dọ́gba. Ní 1961 Smith & Wesson fúnra rẹ̀ gbé ìbọn ìléwọ́ tí ń ki ara rẹ̀ jáde fún ọta 38 olórí pẹrẹsẹ. Ọta tí a mọ fún rìfọ́fà ti fi rìfọ́fà sílẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wúwo ju èyí lọ. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 1996, ọkùnrin kan wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Dunblane ní Skọ́tílándì, ó yìnbọn pa ọmọdé 16 àti olùkọ́ wọn kan. Ìbọn ìléwọ́ mẹ́rin ni ó kó dání, méjì nínú wọn sì jẹ́ rìfọ́fà. Lábẹ́ òfin ni ó fi ní gbogbo wọn, bí ayìnbọn sí àmì. Àwọn Yorùbá a máa sọ pé ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Àwọn òbí Dunblane kò ní sùúrù láti gbọ́ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìbọn ogun àti ìbọn ìdíje, n kò sì rí ẹni tí yóò bá wọn wí. Ní oṣù kejì ọdún 1997, ìjọba fi òfin de gbogbo ìbọn ìléwọ́ tí ó ju 22 lọ. Àwọn kan rò pé 22, ìbọn akẹ́kọ̀ọ́, yóò yè é. Nígbà tí yóò fi di oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ìjọba tuntun ti fi òun náà kún un. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò pa ẹnikẹ́ni lára kó ìbọn wọn lọ fún ọlọ́pàá, wọ́n sì gba owó ìtanràn. Nígbà tí Eré Ìdíje Àjùmọ̀ní wáyé ní Manchester ní 2002, Bisley ni a ti yìnbọn, ṣùgbọ́n àkànṣe ìyọ̀ǹda ìjọba ni ó jẹ́ kí a lè fi ìbọn ìléwọ́ díje níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún Òlíńpíìkì Lọ́ńdọ̀nù ní 2012. Ohun tí òfin yìí gbà lọ́wọ́ àwọn ayìnbọn kì í ṣe kékeré: àṣà tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ni. Ohun tí a gbà lọ́wọ́ àwọn òbí náà kò ṣe é fi wé e.

Àlàfo kan wà nínú òfin náà tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀. Kò kan ìbọn ìléwọ́ tí a ń ki ẹ̀tù lásán sí láti ẹnu tàbí láti iwájú àgbá. Ẹni tí ó bá ní ìwé àṣẹ ṣì lè ní in. Nítorí náà rìfọ́fà kò tán ní Bisley, irú ti Colt àtijọ́ ni ó kù. Ìdíje àgbáyé wà fún un, ọta 13 láàárín ìṣẹ́jú 30, mẹ́wàá tí ó bá dára jù ni a ó sì kà. Olùdíje ń fi òjé rírọ̀ mọ ọta rẹ̀ fúnra rẹ̀ nílé. Ẹ̀tù tí ó ń lò kò tó ìdajì èyí tí ihò lè gbà, ó sì ti wọ̀n ọ́n sínú ìgò kéékèèké kí ó tó kúrò nílé. Bí ó bá da ẹ̀tù tán, àlàfo a ṣẹ́kù láàárín ẹ̀tù àti ẹnu ihò, bẹ́ẹ̀ ni ọta kò gbọdọ̀ jìnnà sí ọpá. Ohun tí ó fi ń dí àlàfo náà ni hóró àlìkámà lílọ̀, ìyẹn sẹ̀mó tí àwa ń rò ní òkèlè. A da díẹ̀ lé ẹ̀tù lórí, a gbé ọta lé e, a fi ọ̀pá tì í wọlé títí tí òrùka òjé tín-ín-rín yóò fi bó kúrò lára ọta ní etí ihò, a fi ọ̀rá dí ẹnu rẹ̀ kí iná má bàa ran èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sì wá yí àgbá kan ihò tí ó tẹ̀lé e.